Àtàǹpàkò Bherulal

Nígbà tí ojú bàbá mi àgbà fọ́ tán pátápátá,
àtàǹpàkò rẹ̀ gba iṣẹ́ ojú ṣe.
Èmi ni mò ń yí òkúta ìpọ́nbẹ fún un
lójúde wa ní Udaipur,
níbi tí òórùn adágún àti òórùn epo irin ti ń bá ara wọn jà.

Mangilal, oníṣòwò ohun àtijọ́, fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta gbé àpótí wá,
ó fi koríko gbígbẹ dì í nínú bí ẹni tó ń tọ́jú ẹyin.
"Idà méje ni. Ẹ pọ́n ọn, ẹ dán an,
àwọn olówó ń bọ̀ kí oṣù tuntun tó lé."
Bàbá ò fèsì. Ó nawọ́.

"Isfahan ni èyí ti wá. Shamshir.
Ó tẹ̀ láti èèkù dé ṣóńṣó, kò sinmi níbì kankan,
bí ìrù ológbò tó gbúròó eku.
Ẹlẹ́ṣin ló ni ín. Kì í gúnni, fífà ló ń fà:
ẹṣin á ti kọjá lọ,
o ò ní mọ̀ pé o ti kú
àfìgbà tí o bá fẹ́ bojú wẹ̀yìn."
Mo rẹ́rìn-ín. Bàbá ò rín.

"Ti àwọn ará Tọ́kì rèé, kilij. Wo orí rẹ̀ bó ti wú bí orí ọká.
Iwájú ló kó ìwúwo sí,
ó ń yá ju apá tó gbé e lọ."

Ìkẹta tẹ̀ débi pé dòjé ni mo pè é.
"Shotel ni, láti òkè Gondar.
Bí o bá fi apata bojú, kò ní bá apata jà,
yóò yípo rẹ̀ bí òfófó tí ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé."

Katana ti Japan, ó tẹ̀ díẹ̀ ṣáá,
bí ẹni tó ń kí àlejò tí kò fẹ́ràn.
"Omi ló tẹ ìyẹn, nígbà tí wọ́n tì í bọ̀ ọ́ láti inú iná.
Òòlù kọ́."

Ó pẹ́ lórí ti Poland,
nítorí wọ́n ṣe òrùka irin sí ẹ̀gbẹ́ èèkù fún àtàǹpàkò.
Ó kì í bọ̀ ọ́, ó yọ ọ́, ó tún kì í bọ̀ ọ́.
"Àwọn wọ̀nyí mọ ẹni tó ń ṣiṣẹ́," ló wí.

Ìkẹfà, imú ló fi mọ̀ ọ́n.
"Idẹ. Khopesh ayé Fáráò ni wọ́n ní kí á pè é,
àmọ́ ìwọ gan-an jù ú lọ lọ́jọ́ orí.
Kí Mangilal lọ gba owó rẹ̀."

Ìkeje, talwar, ti ilẹ̀ wa níbí.
Àtàǹpàkò rìn,
ó rìn,
ó dúró.
Ìka mẹ́rin sí èèkù, ojú idà ní àlàfo kan,
bí ẹnu ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ká eyín.

"Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Mo fi gé ṣéènì garawa kànga.
Bàbá mi nà mí títí.
Nígbà tó di ọdún ìyàn, ó fi gba àpò ọkà bàbà méjì,
a jẹ ẹ́ tán kí òjò tó rọ̀."

Wọ́n ní ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ò tíì tẹ èèkù idà
kì í béèrè ikú tó pa baba rẹ̀.
Ọwọ́ tẹ èèkù lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn.
Bàbá ò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi pọ́n ọn. Ó dán bí omi,
àfi ibi àlàfo yẹn.
"Bàbá, ibí yìí ńkọ́?" Mangilal bi í.
"Irin ibẹ̀ le."
N kò gbọ́ irọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí ṣáájú ọjọ́ yẹn.

Owó idà márùn-ún ló gbà.
Mangilal mi orí sí mi: ogbó ti dé sí arúgbó yìí, kò lè ṣírò mọ́.

Lálẹ́, bó ti ń jẹun,
mo rí àtàǹpàkò rẹ̀ tó ń yí etí àwo ká, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́,
tó ń wá nǹkan.